Àbẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ mi kọ́ lò ń wá ìwòsàn fún

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, iṣẹ́ ńkọ́? Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ lẹ́tà yìí, ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀, torí náà tó o bá débi tí ọ̀rọ̀ ti gùn jù tàbí tí mo ti fo nǹkan, kó o bá mi fara dà á. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe voice note ni àmọ́ o mọ̀ pé ahọ́n mi ṣì wúwo látìgbà tí rọpárọsẹ̀ yìí ti ṣe mí, tí mo bá ti sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú méjì ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ra wọn, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ohùn mi ni wàá máa sunkún lé lórí tí o ò ní gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kan lo sọ ní Sunday tó o wá kẹ́yìn. O jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ò ń fi òróró tí wọ́n tà fún ẹ ní krusédì yẹn pa ẹsẹ̀ mi, o rò pé mo ti sùn lọ, o wá ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, tí ẹsẹ̀ yín bá dìde èmi náà á lè sùn." Mi ò sùn o. Mo gbọ́ ọ.

Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń yí nínú mi. Mo kọ́kọ́ rò pé àárẹ̀ ni, Èkó sí Ifẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà kékeré, pẹ̀lú iṣẹ́ tó o tún ń ṣe. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́ ó yé mi. Àbẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ mi kọ́ lò ń wá ìwòsàn fún. Ìdáríjì lò ń wá, o wá gbà pé inú ẹsẹ̀ mi ló wà.

Jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

O mọ ìtàn ọkùnrin ẹlẹ́gbà yẹn, ẹni tí ara ẹ̀ rọ tí kò lè rìn, èyí tó wà nínú Máàkù orí kejì, ní Kapernaumu. Ọdún 19 ni mo fi kọ́ àwọn àgbà ní Sunday school kí nǹkan yìí tó dé, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti kọ́ni ní ìtàn yẹn, àmọ́ orí òrùlé ni mo máa ń wà ní gbogbo ìgbà. Àwọn mẹ́rin tó gbé e, bí wọn ò ṣe rí ọ̀nà wọlé, bí wọ́n ṣe dá òrùlé lu tí wọ́n sọ akete kalẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti máa ń pariwo pé ẹ wo ìgbàgbọ́, ẹ wo ọ̀rẹ́ àtàtà, gbogbo kíláàsì á sì ṣe àmín. Ní báyìí, orí akete ni mo ti ń kà á, ó sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àjà ló ń rí, ojú àwọn èèyàn tó ń wò ó látòkè ló ń rí, ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni gbogbo wọn ń wò. Ilé kún fọ́fọ́, ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ọkùnrin kan péré nínú ilé yẹn ni kò wo ẹsẹ̀ ẹ̀, òun ló wá la ẹnu pé, "Ọmọ, a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́."

Ká má purọ́, tó bá jẹ́ àwa la gbé e wá, inú á bí wa. A ti gbé èèyàn láti òkèèrè, a ti ba òrùlé onílé jẹ́, ẹ̀yin wá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, ta ló bi yín? Lóòótọ́ kò sẹ́ni tó bi í. Wo Máàkù, wo Mátíù, wo Lúùkù, kò síbi tí ọkùnrin yẹn ti la ẹnu kí Jésù tó sọ̀rọ̀ yìí fún un. Kò bẹ̀bẹ̀, kò jẹ́wọ́, kò tilẹ̀ kí wọn. Ohun tí Jésù rí nínú ẹ̀ tí àwọn mẹ́rin tó gbé e láti ilé ò rí, inú ọkùnrin yẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìwé Mátíù tún fi ọ̀rọ̀ kan sí i tí mi ò kà sí rí ní gbogbo ọdún 19 yẹn, "Ọmọ, tújúká." Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ní kó tújúká nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ò tíì mi. Akete ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní kó tújúká torí pé a ti dárí jì í, kì í ṣe torí pé ó máa tó rìn.

Wàá ní kí lèmi mọ̀ nípa ẹ̀, kí n tó dùbúlẹ̀ ṣé mi kì í ṣe èèyàn dáadáa ni. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mọ́mì ẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n títí di oṣù kọkànlá tó kọjá.

Àbúrò mi, bàbá àwọn ìbejì, o rántí ẹ dáadáa. Nígbà tí bàbá wa kú ní 1986, èmi àkọ́bí ni wọ́n kó ìwé oko kòkó tó wà lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó lé lọ́wọ́, kí n bá àwa méjèèjì tọ́jú ẹ̀. Ní 1991 mo ta èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo sọ fún àbúrò mi pé gbèsè tí bàbá jẹ sílẹ̀ ló gbé e lọ. Kò sí gbèsè kankan. Bàbá mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Owó yẹn ni mo fi ra mọ́tò, Peugeot eléérú yẹn tí mo fi ń gbé ẹ̀gbọ́n ẹ àti ìwọ lọ síléèwé, ọdún yẹn gan-an sì ni àbúrò mi fi poly sílẹ̀ torí kò rówó san, ó lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Kò bi mí rí. Ọdọọdún ló ń gbé iṣu wá fún wa lásìkò Kérésìmesì, ìwọ náà jẹ nínú ẹ̀, ó máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló rọ́pò bàbá òun. Ní 2011 ó kú. Mo sunkún níbi ìsìnkú ẹ̀ ju gbogbo èèyàn lọ, wọ́n ní ẹ ò rí bó ṣe fẹ́ràn àbúrò ẹ̀.

Ogún ọdún tí mo fi ní ẹsẹ̀ méjèèjì tó le koko nìyẹn o. Mò ń rìn, mò ń sáré, mò ń gun òkè lọ sóko, mo tún ń jó ní ìdúpẹ́. Tó o bá bi mí nígbà yẹn pé ṣé mo ní àlàáfíà, mo máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ mi ò lè jókòó ti àbúrò mi tó wákàtí kan kí ara má bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Dáfídì sọ ọ́ nínú Sáàmù 32, pé nígbà tí òun dákẹ́, egungun òun ń gbó. Èèyàn lè máa rìn kiri kí egungun ẹ̀ máa gbó nínú.

Nígbà tí mo wà ní ọsibítù, gbogbo yín ń gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi dìde, mo ń gbọ́ yín, mo ń ṣe àmín nínú ọkàn mi torí ẹnu ò ṣe é ṣí. Ṣùgbọ́n lóru, tí nọ́ọ̀sì bá ti pa iná, ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dà mí láàmú. Mo bi ara mi pé tí ẹsẹ̀ yìí bá dìde lọ́la, ibo ni màá gbé e lọ? Sí sàréè àbúrò mi? Kí n lọ sọ kí ni fún un? Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù, pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ò sí mọ́ tí mo lè bẹ̀. Dókítà ò lè ṣe é. Fisió tó ń bá mi na ẹsẹ̀ ò lè ṣe é. Ìwọ fúnra ẹ, pẹ̀lú gbogbo bó o ṣe fẹ́ràn mi tó, o ò lè ṣe é.

Sáàmù 51 wà tó ti máa ń bí mi nínú látijọ́, ibi tí Dáfídì ti ní Ìwọ, ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀ sí. Mo máa ń sọ ní kíláàsì pé Ùráyà tó pa ńkọ́, ṣé òun ò ṣẹ Ùráyà ni? Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ó yé mi. Tó o bá na ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ yẹn lè ti sá lọ, ó lè ti kú pàápàá, bàbá ẹ̀ ṣì wà nílé, òun lo máa bá sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó ni ín ni mo ṣẹ̀ jù, Òun náà ló sì kù tí mo lè bẹ̀. Mo bẹ̀ Ẹ́ lóru yẹn, mo dárúkọ oko, mo dárúkọ iye tí mo tà á, mo dárúkọ irọ́ tí mo pa, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan o, mi ò gbọ́ ohùn, torí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn fẹ́ràn kéèyàn máa sọ pé òun gbọ́ ohùn. Mo kàn sùn ni. Mo sùn títí nọ́ọ̀sì fi wá jí mi fún oògùn. Ọdún mélòó ni mi ò ti sùn bẹ́ẹ̀!

Ẹsẹ̀ mi ò mira kíńkíní lóru ọjọ́ náà. Kò sì tíì mira dòní.

Àwọn ìbejì ni mo pè lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó o rí ní Kérésìmesì tó o ní kí ló dé tí wọ́n ń sunkún ní pálọ̀, mo jẹ́wọ́ fún wọn, ìyókù ilẹ̀ yẹn sì ti di tiwọn, mo ti fọwọ́ síwèé. Sákéúsì ní òun á dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin, èmi ò ní tó bẹ́ẹ̀, ohun tó kù ni mo kó sílẹ̀. Má ṣe rò pé mo fi ilẹ̀ ra ìdáríjì. Mo ti gbà á ná kí n tó pè wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá ti tú sílẹ̀ ló máa ń lè la ọwọ́.

Torí náà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá wá kí mi báyìí, tí wọ́n bi mí pé, "Bàbá, ṣé àlàáfíà ni?" mo máa ń ní àlàáfíà ni, wọ́n á wá wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n á wo ara wọn. Wọ́n rò pé ìgbàgbọ́ ni mo fi ń jẹ́wọ́, bí a ṣe máa ń sọ pé ara mi ti dá nígbà tí ara ò tíì dá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni mò ń sọ. Àwa Yorùbá ò ya ara àti ọkàn sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àlàáfíà kan náà là ń béèrè fún méjèèjì, mo wá rí i pé ìdajì ẹ̀ tí mi ò ní nígbà tí mò ń rìn, òun ni mo ní báyìí. Tí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan, mi ò ní ronú ẹlẹ́ẹ̀mejì.

Má gbọ́ mi sódì o. Mi ò sọ pé ìwòsàn ò wúlò. Ìlera loògùn ọrọ̀, mo mọ̀ ọ́n ju ìgbàkígbà rí lọ, ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí baluwẹ̀ kò ní sọ pé ẹsẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Mo fẹ́ rìn. Fisió ń wá ní Tuesday àti Friday, mò ń ṣe gbogbo ohun tó ní kí n ṣe, kódà tó bá dùn mí. Jésù náà ò fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ lórí akete, ó ní dìde, gbé akete rẹ, ó sì dìde. Ọlọ́run tó dá ẹsẹ̀ kò kórìíra ẹsẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé èwo ló ṣáájú, àti pé kí ni èkejì wà fún. Jésù fúnra ẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ lè mọ̀ pé Ọmọ ènìyàn ní agbára ní ayé láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini, ìdí tó fi wo ẹsẹ̀ sàn nìyẹn. Ẹsẹ̀ yẹn, rìsíìtì ni. Ìdáríjì ni ọjà tí wọ́n rà.

Ó sì náni lówó. Jésù bi àwọn akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ pé èwo ló rọrùn jù láti sọ, a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́, àbí dìde kó o máa rìn. Tó bá jẹ́ ti ẹnu lásán, ìdáríjì ló rọrùn, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Àmọ́ tẹ̀ lé mi lọ sí orí 14 nínú ìwé Máàkù kan náà. Ní orí kejì, nígbà tó dárí ji ọkùnrin yìí, àwọn akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ òdì ló ń sọ, ta ló lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini bí kò ṣe Ọlọ́run nìkan (ìdajì kejì yẹn, wọ́n sọ òótọ́). Ní orí 14, níwájú olórí àlùfáà, ẹ̀sùn tí wọ́n fi dá a lẹ́bi ikú, ọ̀rọ̀ òdì kan náà ni. Ṣé o rí i? Ọjọ́ tó sọ fún ẹlẹ́gbà pé a dárí jì ọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn yẹn kàn án nínú ìwé yẹn. Láti wo ẹsẹ̀ sàn, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ná an. Láti dárí jini, ẹ̀mí ẹ̀ ló ná an. Tó o bá fẹ́ mọ èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀bùn méjì, wo iye tí ẹni tó fún ọ rà á.

Ọkùnrin yẹn sì padà kú, àbí kò kú? Lásárù tí wọ́n jí dìde padà kú. Ìyá mi àgbà wà ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní 1930, nígbà tí Ọlọ́run ń lo Bàbá Babalọlá, oníwàásù tó ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó máa ń sọ fún wa bí àwọn èèyàn ṣe ń rọ́ wá pẹ̀lú aláìsàn wọn, àmọ́ ohun tó máa ń pẹ́ lé lórí kì í ṣe àwọn tó sàn, àwọn tó kó oògùn ìkà àti ońdè wọn jáde láti inú ilé ni, tí wọ́n ń jẹ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn tí wọ́n ń sun ún. Bàbá Babalọlá yẹn fúnra ẹ̀, 1959 ló sùn nínú Olúwa, ẹni ọdún 55 péré. Gbogbo omi tó gbàdúrà sí fún àwọn èèyàn, kò fi sọ ara ẹ̀ di ẹni tí kì í kú. Ẹsẹ̀ mi yìí, ì báà dìde lọ́la, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa nà án sínú pósí. Ohun tí wọ́n fún mi lóru yẹn, pósí ò lè gbà á.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ń gbàdúrà fún wa yẹn sọ fún mọ́mì ẹ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan tó fara sin ló mú àìsàn yìí wá. Mọ́mì ẹ wò mí, torí ó mọ̀ nípa oko. Mo fẹ́ kó o gbọ́ tèmi lórí ìyẹn. Nígbà tí wọ́n bi Jésù léèrè nípa afọ́jú tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀, Jòhánù orí 9, pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí ẹ̀, ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí ẹ̀. Èmi ní ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe mí báyìí, láti 2014 ni wọ́n ti sọ fún mi, oògùn tí wọ́n ní kí n máa lò lójoojúmọ́ ni mò ń lò nígbà tó bá wù mí. Kò sí ẹ̀mí àìrí kankan níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n mú ẹ̀gún kúrò lára òun, ohun tí wọ́n fún un ni "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù ò tó.

Ó yá, ká sọ ọ̀rọ̀ tiwa.

Lálẹ́ ọjọ́ tí àìsàn yìí dé, ìjà wà nílẹ̀ láàárín èmi àti ìwọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ nípa ọmọkùnrin tó o mú wá ò dáa, mi ò gbọ́dọ̀ sọ irú ẹ̀ sí ọmọ mi, mo sọ ọ́ níwájú àlejò sì ni. Mo jẹ̀bi ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, foríjì mí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹ látìgbà yẹn, àìsàn ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, gbogbo yín ń ṣàánú mi, mo wá dákẹ́, bí mo ṣe dákẹ́ fún àbúrò mi. Mi ò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mọ́mì ẹ ò sí nílé, ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ tó bímọ tuntun. Nǹkan bí aago 10 kọjá ni ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, ìwọ ni mo pè. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo pè. Láàárín ẹ̀ mo ṣí WhatsApp, mo sì rí "online" lábẹ́ orúkọ ẹ. Kì í ṣe mọ́mì ẹ ló sọ fún mi, má bínú sí i. Mo ti mọ̀ látòru ọjọ́ náà. Nígbà tí ọmọ aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ilẹ̀ ni mo wà.

Ẹ̀gbọ́n ẹ sọ fún mi pé o ti lọ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé oògùn wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì, pé kí wákàtí 4 àbọ̀ tó kọjá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fúnni, pé o máa ń ka wákàtí yẹn lórí ìka láti aago 10 dé aago 6. Gbogbo èèyàn ń sọ fún ẹ pé kì í ṣe ẹjọ́ ẹ, pé bóyá kò sí oògùn yẹn nítòsí wa pàápàá. Bóyá òótọ́ ni. Àmọ́ mo mọ ìdí tí ìyẹn ò fi jẹ́ kó o sùn. Ohun tí wọ́n bá ní kò ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dárí ẹ̀ ji èèyàn. Wọ́n ń bá ẹ bò ó ni, ìwọ sì mọ̀ pé ó wà lábẹ́ aṣọ.

Torí náà mi ò ní bò ó. O rí ìpè bàbá ẹ, inú ń bí ẹ, o mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo dárí ẹ̀ jì ẹ́, ọmọ mi. Gbogbo ẹ̀, láìku ẹyọ kan. Mi ò dárí ẹ̀ jì ẹ́ torí pé mo ti ń sàn, mo dárí ẹ̀ jì ẹ́ lórí ibùsùn yìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí bó ṣe wà, kò sì ní yí padà tí mi ò bá rìn mọ́ láyé.

Tí ẹsẹ̀ yìí bá dìde ní Sunday tó ń bọ̀ ńkọ́? Wàá jó, èmi náà á jó. Lẹ́yìn oṣù kan, òru ọjọ́ yẹn á tún padà wá bá ẹ, torí kì í ṣe inú ẹsẹ̀ mi ló ń gbé. Ogún ọdún ni mo fi ní ẹsẹ̀ tó dá, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Tèmi ni mo lè fún ẹ, ó sì ní ibi tó mọ. Èyí tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run, ọ̀dọ̀ Ẹ̀ ni wàá ti gbà á. Mo mọ̀ pé o kì í gbàdúrà mọ́ fún ara ẹ, ẹsẹ̀ mi nìkan lò ń gbàdúrà fún, bíi pé wọ́n ti lé ẹ kúrò nílé tó o wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fi iṣẹ́ ẹlòmíì ránṣẹ́ wọlé. Wọlé. Jòhánù kọ ọ́ pé tí a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa, olóòótọ́ àti olódodo ni Òun láti dárí jì wá. Sọ ọ́ fún Un bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, dárúkọ ẹ̀, má ṣe àwáwí, má ṣèlérí ààwẹ̀ ọjọ́ 21. Ọkùnrin Kapernaumu yẹn ò mú nǹkan kan wá, akete tó wà nídìí ẹ̀ ló ní.

Má ra òróró yẹn mọ́. Owó tó o máa fi rà á, bá mi fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí mò ń lò báyìí máa tán lọ́jọ́ Thursday. Kó o sì mú ọmọkùnrin yẹn wá tó o bá ń bọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ àforíjì láti sọ fún òun náà, màá gbìyànjú kí ahọ́n mi sọ ọ́ dáadáa. Mọ́mì ẹ ti ní òun á gún iyán.

Tó o bá ka èyí tán, pè mí, aago yòówù kó jẹ́. Ìwọ ni kó o máa sọ̀rọ̀, èmi á máa gbọ́. Mo ti ní kí wọ́n gbé fóònù mi sí apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ibi tí ọwọ́ mi ti lè tètè dé e.

Èmi ni,
Dádì ẹ